Ká ka ọkọ̀ ká tó la ọ̀nà: ohun tí dátà lè ṣe sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìbàdàn

Aago méje ti kọjá ogún ìṣẹ́jú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nígbà tí takisí Micra kan dúró lójijì níwájú ọjà Bódìjà. Kò bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ojú ọ̀nà gan-an ló dúró sí. Ìyá kan ló nawọ́ sí i, agbọ̀n tòmátò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Awakọ̀ ń ké pé, "Sẹkitéríàtì, Géètì! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣénjì yín o!" Ìyá bi í pé èló ló máa gbà lórí ẹrù. Ó ní ọ̀tọ̀ ni owó ẹrù. Ìyá ní, torí agbọ̀n kan ṣoṣo? Wọ́n dúnàá-dúrà, awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí búùtù, ó gbé agbọ̀n sí i, ó tì í pa, ó padà sídìí ọkọ̀. Mo wo aago ọwọ́ mi: ìṣẹ́jú-àáyá 40 péré. Ta ni yóò bá wọn jà? Ìyá fẹ́ ta ọjà, awakọ̀ náà fẹ́ jẹun.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ọ̀nà bá ń lọ geere, bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì ló máa ń wà láàárín ọkọ̀ kan àti èyí tó tẹ̀ lé e. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 40 yẹn, bí ogún ọkọ̀ ló yẹ kó ti kọjá lórí ìlà tí Micra yẹn dí. Wọn ò kọjá, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n tò sí. Àwọn kan nínú wọn fẹ́ yà sí ìlà kejì, ni wọ́n bá dá àwọn tó ń bọ̀ níbẹ̀ dúró. Kí èyí tó tú, kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan ti já èrò sílẹ̀ níwájú díẹ̀, Micra mìíràn sì ti tún rí ẹni tó nawọ́. Bí ẹ bá wà lẹ́yìn pátápátá, lápá Yunifásítì, ẹ ò ní rí agbọ̀n tòmátò kankan. Ohun tẹ́ ẹ máa sọ ni pé ọkọ̀ ti pọ̀ jù ní Ìbàdàn.

Àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Jàpáànù dán irú rẹ̀ wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2008. Wọ́n kó ọkọ̀ 22 sójú ọ̀nà róbótó kan tí àyíká rẹ̀ jẹ́ mítà 230, wọ́n ní kí gbogbo awakọ̀ máa sá eré kan náà. Kò sí iná níbẹ̀, kò sí kòtò, kò sí ẹni tó ń tajà. Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀, ẹni tó tẹ̀ lé e tẹ bíréèkì jù ú lọ, ẹni kẹta tẹ tirẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí àwọn kan fi dúró pátápátá. Ìdúró yẹn wá ń rìn padà sẹ́yìn láti ara ọkọ̀ kan sí èkejì, bí ìgbì omi. Bí ọkọ̀ 22 bá lè há sí ibi tí kò ti sí ohunkóhun lójú ọ̀nà, ẹ wo Bódìjà.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ìdáhùn méjì la sábà máa ń gbọ́ bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ti mú wa: ọ̀nà kéré, ọkọ̀ sì pọ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó sọ ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe láàárọ̀ ọ̀la. Èyí tó lè sọ ọ́ ni àkọsílẹ̀, ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní dátà. Èyí tí mò ń wí yàtọ̀ sí èyí tí à ń rà sórí fóònù o. Ọkọ̀ mélòó ló gba ibí kọjá, ní aago mélòó, láti ibo sí ibo? Èwo ló dúró, kí ló dá a dúró, ó sì pẹ́ tó báwo? Bí a bá kó irú rẹ̀ jọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí kọ̀ǹpútà tò ó pa pọ̀, ohun tí ojú lásán ò rí á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jáde: pé ibi kan pàtó ló máa ń kọ́kọ́ há, pé ọjọ́ Ẹtì kò rí bí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, pé ìdajì wákàtí lẹ́yìn tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ni afárá báyìí máa ń dí.

Wọ́n máa ń ki Ìbàdàn pé a kì í wáyé ká má lárùn kan lára, ìjà ìgboro làrùn Ìbàdàn. Ẹni tó bá ti Ojóò lọ sí Dùgbẹ̀ láàárọ̀ mọ̀ pé àrùn mìíràn ti wọlé dé. Kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìlú yìí kì í ṣe èyí tí ẹnì kan jókòó fi rúlà fà. Ibùdó ogun ló jẹ́ ní nǹkan bí 1829, agbo ilé sì kóra jọ yí òkè Mápó àti Ọjàaba ká. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ti ẹlẹ́ṣin ló wà níbẹ̀. Reluwé dé ní 1901, Dùgbẹ̀ sì di ojúko òwò tuntun. Yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ó sì wá tẹ̀dó sápá àríwá. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣí ní 1978, ilé sì ń tẹ̀ lé e lọ. Láti 2021, reluwé tuntun láti Èkó ń já èrò sí Mọ́níyà, àwọn èrò náà sì gbọ́dọ̀ wá ọkọ̀ wọ ìgboro. Ìlú nà lọ sí gbogbo ìhà, ṣùgbọ́n oríta mélòó kan náà ni gbogbo ọkọ̀ ṣì ń gbà kọjá: Ìwó Róòdù, Sángo, Mókọ́lá, Agodi Géètì, Mọ́lété, Challenge. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tó ń ra ata ní Bódìjà láàárọ̀ mọ̀ pé ojú títì kan náà ni gbogbo wa jọ ń já sí níkẹyìn.

Ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n ka ènìyàn ní Nàìjíríà ni 2006. Nígbà náà, ìjọba ìbílẹ̀ 11 tó para pọ̀ jẹ́ Ìbàdàn ní ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 2.5. Ẹ wo bí Akóbọ̀, Ológunẹ̀rú àti Mọ́níyà ti rí láti ìgbà náà. Bí a bá ń fi iye yẹn pinnu ibi tí ọ̀nà yóò gbà, a dà bí ẹni tó ń rán aṣọ fún géńdé ọkùnrin, tó wá ń lo ìwọ̀n tí wọ́n mú lára rẹ̀ nígbà tó ń lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Mi ò sọ pé kí ìjọba má la ọ̀nà. Afárá Mókọ́lá tí wọ́n ṣí ní 2013 wúlò, ẹni tó bá rántí bí ráńdábáòtù yẹn ṣe ń rí tẹ́lẹ̀ mọ̀. Ọ̀nà àyípo Ìbàdàn tí gígùn rẹ̀ yóò jẹ́ kìlómítà 110 náà lè mú àwọn tírélà tí kò ní nǹkan ṣe nígboro kúrò láàárín wa. Ṣùgbọ́n láti 1968 ni Dietrich Braess, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, ti fi hàn pé a lè fi ọ̀nà tuntun kún ọ̀nà tó wà, kí ìrìn àjò gbogbo ènìyàn sì tún pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé olúkúlùkù á sáré lọ síbi tó dà bí ẹni pé ó yá. Kókó tí a bá tú níhìn-ín lè lọ so lọ́hùn-ún. Ẹni tí kò ka ọkọ̀ ṣáájú kò ní mọ̀ títí wọn yóò fi kó owó sí kọnkéré tán.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ka ọkọ̀, nígbà náà? Ọ̀nà pọ̀. Àwọn ìlú kan ri wáyà sábẹ́ ọ̀dà títì, ọkọ̀ tó bá sì gorí rẹ̀, ẹ̀rọ á kà á. Àwọn kan gbé kámẹ́rà kọ́ sórí òpó. Èyí tó wà lọ́wọ́ púpọ̀ nínú wa ni fóònù. Bí fóònù bá ṣí ibi tó ń sọ ojú ibi tí ènìyàn wà sílẹ̀, Google ń gba eré tó ń sá lójú títì, ó ń dà á pọ̀ mọ́ ti àwọn mìíràn láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, ó sì ń kun ọ̀nà ní àwọ̀: ewéko bó bá ń lọ, pupa bó bá há. Nǹkan ńlá ni, mo sì ń lò ó. Àmọ́ kí á mọ ohun tó jẹ́. Ní oṣù kejì 2020, oníṣẹ́ ọnà kan ní Berlin, Simon Weckert, gbé fídíò kan jáde: ó kó fóònù 99 sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù kékeré kan, ó ń fà á lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú ọ̀nà tó ṣófo. Máàpù Google kun ọ̀nà náà ní pupa, àfi bí ẹni pé ọkọ̀ ti há síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi Google, wọ́n ní àwọn ti ń fi ọ̀kadà hàn yàtọ̀ sí mọ́tò ní àwọn orílẹ̀-èdè bí India, Indonesia àti Íjíbítì. Ọ̀rọ̀ yẹn kàn wá gidi, nítorí pé ọ̀kadà tó ń gba àárín ọkọ̀ kọjá ní Sángo ń sáré nígbà tí mọ́tò méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti dákú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ pupa yẹn ti dùn mí jù ni pé kò sọ ìdí. Pupa ni yóò jẹ́ bó jẹ́ tírélà ló ṣubú, pupa ni bó jẹ́ ìlà epo ló gùn wọ títì, pupa náà ni bó jẹ́ agbọ̀n tòmátò. Oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò sì jọra.

Nairobi ni mo máa ń tọ́ka sí bí wọ́n bá ní irú iṣẹ́ yìí, àwọn òyìnbó nìkan ló lè ṣe é. Ọkọ̀ matatu wọn dà bíi Micra àti kórópe wa: aládàáni ló ni ín, kò sí ìwé àkókò, ọ̀nà tó ń gbà wà lórí awakọ̀ àti kọ̀ndọ́kítọ̀. Láti 2012, Yunifásítì Nairobi àti àwọn yunifásítì méjì láti Amẹ́ríkà, MIT àti Columbia, pẹ̀lú ilé iṣẹ́ kékeré kan, bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀nà wọ̀nyẹn jọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n rán. Wọ́n wọ matatu bí èrò, wọ́n jókòó ti fóònù wọn, fóònù ń kọ ibi tí ọkọ̀ gbà, àwọn sì ń kọ ibi tó dúró àti orúkọ tí àwọn ènìyàn ń pe ibẹ̀. Wọ́n gba ọ̀nà tó lé ní 130. Ní 2014 wọ́n tẹ máàpù rẹ̀ jáde, aláwọ̀ mèremère, bí èyí tí àwọn ìlú ńlá ń ṣe fún reluwé abẹ́ ilẹ̀ wọn. Ní 2015 ó ti wọ Google Maps. Ìgbà tí àwọn ará Nairobi fi ojú rí gbogbo ọ̀nà náà lójú kan ṣoṣo ni wọ́n rí i kedere pé àárín ìlú ni gbogbo rẹ̀ ń wọ́ já sí.

Ẹ ronú rẹ̀ wò fún Ìbàdàn. Micra aláwọ̀ wáìnì tí wọ́n fi ọ̀dà mìíràn ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́, èrò méjì níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn. Ẹni tó ń lọ láti Àpáta sí Akóbọ̀, ọkọ̀ mélòó ló máa wọ̀, oríta wo ló ti máa sọ̀? Bí a bá mọ iye àwọn tó ń sọ̀ ní Mókọ́lá láti wọ ọkọ̀ mìíràn lọ síbòmíràn, a ó mọ̀ bóyá bọ́ọ̀sì Ọmítuntun ti ìjọba ìpínlẹ̀ kan tó ń lọ tààrà yóò mú wọn kúrò ní Mókọ́lá pátápátá. Àwọn awakọ̀ mọ púpọ̀ nínú èyí. Ẹ bi èyí tó ti ń wakọ̀ fún ọdún mẹ́wàá, á sọ ibi tí èrò máa ń pọ̀ sí nígbà tí iléèwé bá wọlé àti nígbà tí òṣìṣẹ́ bá gbowó oṣù. Orí rẹ̀ ni dátà náà wà, kò tíì sí nínú ìwé.

Ìdí mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ yìí fi gbóná sí i. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, líítà epo kò tó 200 náírà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti kọjá 480, ó sì tún gun òkè lẹ́yìn náà. Micra tó dúró pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì títàn ní Ìwó Róòdù ń jó epo láìgbé èrò kankan síwájú. Owó yẹn, èrò ló ń san án nígbẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ iná ojú pópó náà yẹ ní sísọ. Iná tó wà ní púpọ̀ nínú oríta ń ka àkókò kan náà lójoojúmọ́: ìṣẹ́jú-àáyá báyìí fún ìhà yìí, báyìí fún ìhà kejì. Ní 1958, ọ̀gbẹ́ni Webster ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ọgbọ́n ìṣirò tí wọ́n fi ń mọ iye àkókò tó yẹ ìhà kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ tó ń gba ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n bí o kò bá ka ọkọ̀, kí lo máa fi sínú ìṣirò náà? Ní nǹkan bí 1970 sí 1980, ìlú Sydney gbé tiwọn síwájú: ẹ̀rọ abẹ́ títì ń sọ fún iná pé ìhà yìí ti ṣófo, ìhà yẹn ti kún, iná sì ń yí ara rẹ̀ padà. Lẹ́nu ọdún mélòó kan báyìí, Google ń lo eré fóònù láti gba àwọn ìlú nímọ̀ràn lórí iná wọn, ní àwọn ìlú bíi Jakarta, Kolkata, Rio àti Hamburg. Ní 2023 wọ́n ní ó lè dín iye ìgbà tí ọkọ̀ ń dúró kù tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ní oríta tí wọ́n bá ti ṣe é. Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé wọn ò gbẹ́ ilẹ̀, wọn ò ra kámẹ́rà tuntun. Àkókò iná ni wọ́n tún pín.

Ní Ìbàdàn, ẹ ti rí i rí: iná ń tàn pupa, òṣìṣẹ́ OYRTMA, àjọ tó ń darí ọkọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, dúró lábẹ́ rẹ̀, ó ń fọwọ́ pe ọkọ̀ pé kó máa bọ̀. Àwọn kan máa ń bínú sí wọn. Èmi ò bínú. Iná ò rí pé ìhà kejì ti ṣófo, òṣìṣẹ́ rí i. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń ṣe ohun tí ẹ̀rọ Sydney ń ṣe. Àlébù ibẹ̀ ni pé kò rí oríta tó kàn: ó lè tú ti Géètì sílẹ̀ kó sì lọ da gbogbo rẹ̀ sórí ẹni tó wà níwájú. Bí òun àti ẹni yẹn bá ń rí iye ọkọ̀ kan náà lójú fóònù wọn, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀.

Stockholm lo nọ́ńbà lọ́nà mìíràn. Ní oṣù kìíní 2006 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ ọkọ̀ tó bá wọ àárín ìlú, fún oṣù bíi méje péré, kí àwọn ará ìlú lè wò ó. Ọkọ̀ tó ń kọjá ẹnubodè wọ̀nyẹn dín kù ní nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n dá a dúró, wọ́n kó nọ́ńbà jáde, wọ́n ní kí àwọn ènìyàn dìbò. Wọ́n dìbò gbè é, ó sì di òfin ní 2007. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni gba owó ẹnubodè ní Mókọ́lá; ibi tí bọ́ọ̀sì ò tíì kárí, ìyà ni irú owó bẹ́ẹ̀ máa jẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí níbẹ̀ ni pé wọ́n kà á kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n kà á nígbà tó ń lọ, wọ́n sì gbé e síwájú ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn.

Ìbẹ̀rù kan wà tí kò yẹ ká fojú di. Fóònù tó ń sọ ibi tí ọkọ̀ há sí mọ ibi tí ènìyàn ń sùn, ó mọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó ń lọ, ó mọ ìgbà tó ń lọ sílé ìwòsàn. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ní ẹni tó bá kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ gbọ́dọ̀ ní ìdí tó bófin mu, kò sì gbọdọ̀ kó ju èyí tó nílò lọ. Fún ọ̀rọ̀ ọkọ̀, kò sí ẹni tó nílò orúkọ. Iye ló nílò. Ìbẹ̀rù kejì jẹ́ ti awakọ̀: bí wọ́n bá rí ẹni tó ń ka ọkọ̀, ohun tó kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn ni pé owó tíkẹ́ẹ̀tì tuntun ń bọ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, wọn á parọ́, wọn á gba ẹ̀yìnkùlé, gbogbo àkọsílẹ̀ á sì bàjẹ́. Àwọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, ní gáréèjì wọn, kí wọ́n tó gbé pẹ́ńsùlù. Kámẹ́rà tí wọ́n bá gbé kọ́ fún kíkà, kí wọ́n má lọ fi í gba owó ìtanràn lábẹ́lẹ̀.

Tí wọ́n bá ní kí n sọ ibi tí mo fẹ́ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ kámẹ́rà olówó ńlá. Akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní Pólì. Ẹni méjì méjì ní oríta mẹ́wàá, láti aago mẹ́fà sí mẹ́wàá, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí wọ́n kọ Micra lọ́tọ̀, kẹ̀kẹ́ lọ́tọ̀, tírélà lọ́tọ̀, kí wọ́n sì kọ ìdúró kọ̀ọ̀kan àti ìdí rẹ̀. Ìdí yẹn ló ṣọ̀wọ́n jù, òun sì ni fóònù ò lè sọ.

Mo dán tèmi wò ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ agboòrùn bàbá kan tó ń ta káàdì nítòsí ẹnu ọ̀nà ọjà Bódìjà, ìwé àti pẹ́ńsùlù wà lọ́wọ́ mi. Ó wò mí títí, ó bi mí ohun tí mò ń kọ. Mo ní ọkọ̀ ni mò ń kà, bàbá. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, o pẹ́ dé. Aago méje, ó ti bàjẹ́ tán. Aago mẹ́fà àbọ̀ ni kó o wá. Wo ibi tí ọkọ̀ búlúù yẹn wà," ó nawọ́, "ibẹ̀ ni tírélà iṣu máa ń fi ẹ̀yìn wọ ọjà. Tí kò bá tètè wọlé, kò sẹ́ni tó máa kọjá títí di aago mẹ́sàn-án. Tó bá tètè wọlé, wàá rí i pé wọ́ọ́rọ́wọ́ ni wọ́n máa ń lọ."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú márùn-ún, mo ti wà níbẹ̀. Bàbá ò tíì ṣí agboòrùn rẹ̀. Tírélà kan wà lójú ọ̀nà, ó ti ń kọ̀yìn bọ̀, ọmọkùnrin kan sì ń gbá a lára ní ẹ̀yìn pé kó máa bọ̀, kó máa bọ̀.